Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ṣẹ́ Ni Kó Tún Ìwé Náà Ṣe

Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìdó nílùú Èkó bá pinnu lónìí pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà, kò ní láti ra irinṣẹ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni èdè Python. Ọ̀fẹ́ ni pygame, library tí wọ́n ń fi Python ṣe géèmù. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan àti dátà díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ọpọlọ wọn pé, ìfẹ́ iṣẹ́ náà sì wà lọ́kàn wọn. Ojú ewé tó yẹ kó fà wọ́n lọ́wọ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n wá kọ́.

Bí a ṣe ń tún irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ṣe ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Iṣẹ́ tó ní ìlànà ni, ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ lè ṣe é. Mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ pygame ní Ìdó, Òyìngbò àti Yaba wà lára àwọn tó lè ṣe é dáadáa jù.

Kí ni pygame, ta ló sì ni ín?

Library ni àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí ìwọ á kàn máa pè lò nínú tìrẹ. Ẹni tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí gbiri lójú kọ̀ǹpútà kò ní láti kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀yà tó ń ya àwòrán nínú ẹ̀rọ náà. Pygame ti ṣe ìyẹn sílẹ̀. Pete Shinners ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000. Ó gbé e ka orí SDL, library mìíràn tí Sam Lantinga ti bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Pygame 2 jáde ní October 2020. Nígbà tó di 2023, àwọn kan lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ya ẹ̀ka tuntun kan sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní pygame-ce.

Open source ni gbogbo wọn. Kóòdù wọn wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni pé ìwé àlàyé wọn náà wà ní gbangba lọ́nà kan náà. Ọ̀rọ̀ tí kò yéni lójú ewé náà, ẹni tó wà ní Ìdó láṣẹ láti dábàá bó ṣe yẹ kó rí, bí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe láṣẹ.

Àyíká wa kò sì ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ìdó ni Afárá Carter ti bá ọ̀nà ojú irin pàdé láti 1901, tí èrò àti ẹrù fi ń gba ibẹ̀ wọ Èkó. Bí ẹ bá wọkọ̀ níbẹ̀ tí ẹ gba Òyìngbò kọjá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò sì mú yín, kò pẹ́ tí ẹ ó fi dé Yaba. Yabatech ti wà níbẹ̀ láti 1947, Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, sì wà ní Akọka nítòsí. Ní 2011, Bosun Tijani àti Femi Longe dá Co-Creation Hub sílẹ̀ lójú òpópónà Herbert Macaulay, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù sì rí ibi péjọ sí. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ṣe Okada Ride àti Mosquito Smasher, géèmù tó mú ọ̀kadà àti ẹ̀fọn ilé wa wọ orí fóònù. Ní 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀. Àjọ̀dún àkọ́kọ́ wọn wáyé ní Èkó ní February 2020. Ẹni tó bá ń wá olùbárìn nínú iṣẹ́ yìí kò ní láti wá a lọ sókè òkun.

Oríṣi ìwé mẹ́rin, iṣẹ́ mẹ́rin

Kí a tó fọwọ́ kan ìwé kankan, ó yẹ ká mọ irú ìwé tó jẹ́. Daniele Procida, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ gan-an láàárín àwọn oníṣẹ́ Python, tó sì wà lára àwọn tó ṣètò PyCon Namibia, pín ìwé àlàyé kóòdù sí oríṣi mẹ́rin. Ó pe ètò náà ní Diátaxis. Èkíní ni ìwé ìkọ́ni: ó ń fa ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ́wọ́ títí ohun kan á fi jáde. Èkejì ni ìwé àbá iṣẹ́: ẹni tó ti mọ díẹ̀ fẹ́ yanjú ìṣòro kan pàtó, bíi bí a ṣe ń fi orin sínú géèmù. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìtọ́kasí, tó ń to gbogbo àṣẹ inú library lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀kẹrin ni ìwé àlàyé ìdí, tó ń sọ ohun tó mú kí nǹkan rí bó ṣe rí.

Ìdàrúdàpọ̀ máa ń wọlé nígbà tí ìwé kan bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí fèrèsé géèmù, ìwé náà dúró lójijì láti ka gbogbo ọ̀nà márùn-ún mìíràn tí a lè gbà ṣí i. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì wọ ọjà náà rí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ká fi hàn án. Bó bá ti dé inú ọjà, á fojú ara rẹ̀ rí àwọn yòókù.

Ẹ wo àwọn ìwé tí pygame ní. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ “Line By Line Chimp”, tí Pete Shinners fúnra rẹ̀ kọ. Ó ń ṣàlàyé géèmù kékeré kan ní ìlà-ìlà, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá sì ni. Ṣùgbọ́n ó ní class méjì, Fist àti Chimp, ó sì ní iṣẹ́ tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọlé. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ class á ṣìnà níbẹ̀. Òmíràn wà tó ń jẹ́ “A Newbie Guide to pygame”, láti ọwọ́ David Clark. Ìmọ̀ràn tó jinlẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti gbìyànjú díẹ̀, tó ti ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́wọ́, ló máa jàǹfààní rẹ̀. Méjèèjì dára ní ààyè wọn. Àtẹ̀gùn tó ṣáájú wọn ló yẹ ká máa kọ́.

Ojú ewé kan, fínnífínní

Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé pygame, àpẹẹrẹ kékeré kan wà fún ẹni tó fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé tó fẹ̀ ní pixel 1280, tó ga ní 720. Ó fi àwọ̀ elésè àlùkò kùn ún, ó ya òbìrípo pupa kan sí àárín, bọ́tìnnì w, a, s àti d sì ń gbé e rìn. Àpẹẹrẹ rere ni: ó kúrú, nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè dúró.

Bí a bá tẹ w, tí í ṣe òkè, ohun tí kóòdù náà ṣe ni èyí:

player_pos.y -= 300 * dt

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ya gíráàfù nínú ìṣirò á béèrè pé kí ló dé tí à ń yọ kúrò nígbà tí à ń gòkè. Nínú gíráàfù ilé-ìwé, y ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń lọ sókè. Ojú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: igun òsì lókè pátápátá ni 0 wà, bí a bá sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni y ń pọ̀ sí i. Gbólóhùn kan péré ló máa tán ọ̀rọ̀ náà. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun ò mọ ìṣirò.

Ibi kejì ni dt. Àlàyé kúkúrú kan wà fún un nínú kóòdù náà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló lè tètè yé. Ohun tó yẹ kí ìwé ìkọ́ni sọ ni pé dt ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá láti ìgbà tí a ya àwòrán tó gbẹ̀yìn. Clock.tick(60) ń dá iye náà padà ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìdí nìyẹn tí a fi pín in sí 1000. Kí ìwé náà sì ṣe ìṣirò rẹ̀ kí gbogbo ojú rí i. Lórí láptọ́ọ̀pù tó lágbára, tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dt fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.0167, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi pixel 5. Lórí tòkúnbọ̀ tó ń wúwo, tí kò lè yà ju 20 lọ, dt jẹ́ 0.05, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ pixel 15. Ẹ sọ 5 di ọ̀nà 60, ẹ sọ 15 di ọ̀nà 20: 300 ni méjèèjì. Òbìrípo náà rin iye kan náà lórí ẹ̀rọ olówó àti lórí ẹ̀rọ mẹ̀kúnnù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé dt láéláé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kóòdù àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìṣòro ti ṣẹlẹ̀ kó tó kan ìlà yẹn. Lórí Windows, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fi àmì sí àpótí tó ń fi Python sínú PATH nígbà tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà á sọ fún un pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ python. Bí Python rẹ̀ bá tuntun ju èyí tí wọ́n ti ṣètò pygame fún lọ, pip, ètò tó ń gbé library wọlé fún Python, á gbìyànjú láti kọ́ pygame láti ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa á sì kún ojú rẹ̀. Bó bá gbé pygame àti pygame-ce sórí ẹ̀rọ kan náà, wọn á gún ara wọn lẹ́sẹ̀, torí orúkọ kan náà ni kóòdù fi ń pe àwọn méjèèjì. Kó yọ ọ̀kan kúrò kó tó gbé èkejì wọlé.

Èyí tó ń dun akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti orúkọ fáìlì. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣí fáìlì tuntun, ó sọ ọ́ ní pygame.py. Láti ìgbà náà lọ, bí Python bá ń wá pygame, fáìlì kékeré yẹn ló ń rí, ó sì ń ráhùn pé pygame kò ní init. Kò sí ohun tó ṣe library. Kò sí ohun tó ṣe kóòdù. Ìlà kan nínú ìwé ì bá ti gbà á sílẹ̀: ẹ sọ fáìlì yín ní geemu_mi.py, ẹ má ṣe sọ ọ́ ní pygame.py.

Àwọn mìíràn tún wà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé láti pe pygame.display.flip(), ojú fèrèsé dúdú. Kò gba ìròyìn bọ́tìnnì àti máòsì nínú lúùpù rẹ̀, Windows ní géèmù náà ti kú. Ó fi àwòrán sí fódà kan, ó ṣí ètò rẹ̀ láti fódà mìíràn, wọ́n ní àwòrán kò sí. Ọ̀nà kan náà la fi ń kọ gbogbo wọn sílẹ̀: kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà gẹ́lẹ́ bó ṣe hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá wá a lè rí i, lẹ́yìn náà, sọ ohun tó fà á, parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a máa ṣe. Kí àlàyé náà sì wà nítòsí ibi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀, kó má ṣe wà ní ìparí ìwé níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dé.

Bí a ṣe ń rí ohun tí ọ̀gá kò rí

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú ìwé ìkọ́ni, onílé gan-an ni kì í ríran. Ẹni tó dàgbà sí Ìdó, tó ń júwe ilé fún àlejò tó wà ní Erékùṣù Èkó, á ní, “Ṣáà sọdá afárá, o ti dé nìyẹn.” Kò ní rántí pé afárá mẹ́ta ló ti erékùṣù wọ orí ilẹ̀, pé Carter ni àlejò gbọ́dọ̀ gbà, torí ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbà á láìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó ti lo pygame fún ọdún mẹ́wàá ṣe ń kọ̀wé.

Ìwòsàn rẹ̀ ni pé ká wo akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe ń lo ìwé náà. Ẹ wá ẹni tí kò lo library náà rí. Ẹ fún un ní ìwé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé kékeré. Ẹ má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé. Bó bá dúró, ẹ kọ ìlà tó ti dúró sílẹ̀. Bó bá padà lọ ka nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ọ́. Bó bá béèrè ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe bi í, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi wá ìdáhùn. Gbogbo ibi tó ti dúró, ẹ̀bi ìwé ni kí ẹ kà á sí. Ó ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́ láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọmọ ń ṣìnà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé.

Èèyàn díẹ̀ ti tó. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 2000 pé ẹni 5 péré lè fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù ohun kan hàn wá. Ta ni yóò sọ pé òun kò lè rí ẹni márùn-ún láàárín Ìdó àti Yaba?

Iná, dátà, àti ayò

Ìwé tí a kọ fún ibi tí iná kì í lọ kò ní ṣiṣẹ́ fún wa bó ṣe wà. Bí ìwé bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo fídíò wákàtí kan kó tó kọ ìlà kan, dátà ọ̀sẹ̀ lè tán síbẹ̀. Pygame ti ní ojútùú tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àṣẹ python -m pygame.docs ń ṣí ìwé àlàyé tó bá pygame wọlé, bó bá wà lórí ẹ̀rọ. Àṣẹ python -m pygame.examples.aliens ń ṣí odidi géèmù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ta, kó sì tú kóòdù rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀kan la ń lo dátà, nígbà tí à ń gbé pygame wọlé. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kí àṣẹ méjèèjì wà.

Àpẹẹrẹ tí a bá mú náà ṣe pàtàkì. Ayò jẹ́ géèmù tó rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ilé 12, ọmọ ayò 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ìlà kóòdù kan ló máa to ọpọ́n náà:

ile = [4] * 12

Akẹ́kọ̀ọ́ lè ya òbìrípo 12 sójú fèrèsé, kó kọ iye ọmọ ayò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì gba máòsì láti mọ ilé tí wọ́n tẹ̀. Láti pín ọmọ ayò yí ọpọ́n ká, ìlà kan ló ń mú lúùpù rẹ̀ lọ sí ilé tó kàn:

i = (i + 1) % 12

Àmì % yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bó bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, kó padà sí ti àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ayò kò nílò àlàyé gígùn lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń yí ọpọ́n ká. Ó tún ní ọ̀nà láti yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò: ọmọ ayò tó wà lórí ọpọ́n pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 nígbà gbogbo. Bó bá di 47, kóòdù rẹ̀ ti sọ ọ̀kan nù. Kò sí àwòrán láti wá, kò sí ohùn láti gbé wọlé, kò sí class láti kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá tún máa ń rí àléébù tí ẹlòmíràn kò ní rí. Ẹ wo raylib, library tí Ramon Santamaria bẹ̀rẹ̀ ní 2013 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló dúró fún ìwé ìkọ́ni níbẹ̀, ọ̀nà tó wu mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àṣẹ DrawText kọ “Ẹ káàbọ̀”, á àti à á jáde, àmì ìbéèrè á sì dúró síbi tí Ẹ àti ọ̀ yẹ kó wà. Fọ́ńtì tí raylib gbé wá ní àmì 224 péré, kò sí ẹ àti ọ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá ní láti gbé fọ́ńtì tó ní wọn wọlé pẹ̀lú LoadFontEx, kó sì dárúkọ àwọn lẹ́tà tó fẹ́. Kó tún mọ̀ pé nínú Unicode, kò sí àmì kan ṣoṣo fún ẹ́: ẹ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè lo raylib ọdún púpọ̀ kó má rí èyí rí. Ọmọ Ìdó á rí i ní wákàtí àkọ́kọ́. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa kọ ọ́?

Bí àtúnṣe ṣe ń wọlé

Ẹni tó bá ti rí àléébù, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Bí kò bá sí, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú library náà lórí GitHub, ojúlé tí kóòdù wọn wà: ohun tó ń gbìyànjú, ibi tó ti dúró, ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kó fi àtúnṣe ránṣẹ́ bíi pull request, ìyẹn àbá àtúnṣe tí wọ́n lè gbà wọlé. Kó kéré. Àléébù kan, àtúnṣe kan. Ẹni tó bá tún odidi ìwé kọ lẹ́ẹ̀kan náà ti gbé ẹrù lé orí ẹni tó máa kà á, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n lè ní kó yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, kì í ṣe ìbáwí. Bó bá wọlé, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìtàn iṣẹ́ náà, ó sì lè fi hàn ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Láti 2019 tí Google bẹ̀rẹ̀ Season of Docs, ètò tó sanwó fún kíkọ ìwé àlàyé open source, ó ti hàn sí gbogbo ayé pé kíkọ irú ìwé yìí jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè gbowó lé lórí.

Ìdí kan wà tí kò fi yẹ ká máa dúró de ìgbà tí a bá di ọ̀gá. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní tí ọ̀gá kò ní mọ́ ni ìrántí ibi tó ti dúró, ìrántí yẹn kì í sì í pẹ́. Ẹni tó bá ti lóye dt lónìí, ní oṣù mẹ́ta sí i, kò ní rántí pé ó fìgbà kan rú òun lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ pygame báyìí, ẹ jẹ́ kí bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti dúró sílẹ̀ kó tó yé yín tán, kí ẹ sì fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ kí oṣù tó parí.